GRA Ìlú Enugu àti Ìwádìí nípa Lílọ-Bíbọ̀ Ará Ilé

Èédú ni ó bí ìlú Enugu. Ní ọdún 1909 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Udi. Ní 1915 ni iṣẹ́ ìwakùsà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1916, ọ̀nà ojú irin ti Port Harcourt dé ibẹ̀. Àwọn Òyìnbó ya ibùgbé tiwọn sọ́tọ̀, ilé ńláńlá tí ọgbà yí ká; òfin ìlú ti ọdún 1917 sì fọwọ́ sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ibùgbé náà ni ó di GRA. Àwọn awakùsà ń gbé Coal Camp, àwọn mìíràn ń gbé Ogui. Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ń sùn ní GRA nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ń tẹ ilẹ̀ ibẹ̀: kúkù, alágbàfọ̀ àti olùtọ́jú ọgbà ń wọlé ní òwúrọ̀, wọ́n ń jáde ní ìrọ̀lẹ́.

Báwo ni a ṣe ń ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1944, akọ̀wé a máa kan ilẹ̀kùn àwọn ilé tí a ṣà, a sì bi olúkúlùkù léèrè ibi tí ó lọ lánàá, ohun tí ó wọ̀ lọ àti ohun tí ó lọ ṣe. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣètò ọ̀nà ní Detroit àti Chicago ní ẹ̀wádún 1950. Ní 1965 sí 1966, Alexander Szalai, ará Hungary, darí ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 12. Ọ̀kan kò sí nínú wọn láti Áfíríkà.

Lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gba iṣẹ́ akọ̀wé náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì yá. Fóònù lè kọ ọ̀nà tí ènìyàn gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrántí a máa fo ìrìn kúkúrú, bí ẹni tí ó sáré lọ ra ata. Ní GRA pàápàá, níbi tí ajá ti ń gbó tí mẹ́gáàdì sì ń lérí, fọ́ọ̀mù orí fóònù lè dé ọ̀dọ̀ baálé tí akọ̀wé kò ní rí láéláé.

Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì yẹn gan-an ni akọ̀wé ìbá kọ́kọ́ bá pàdé! Nínú irú ìwádìí yìí, àwọn tí ń jẹun láti inú ìkòkò kan ni a ń pè ní ará ilé kan. Kúkù tí ń se oúnjẹ ọ̀gá ní ìkòkò tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nítorí náà kò sí nínú ìdílé ọ̀gá, kò sì sí ẹni tí ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i. Obìnrin tí ń ti Abakpa wá fọ aṣọ ń gbé ilé mìíràn. Bí fóònù rẹ̀ kò bá lè gba íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn rẹ̀ kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan. Tí a bá fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ la ọ̀nà, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ni a óò là. Olùwádìí tí ó bá mọ èyí yóò tún rán ènìyàn kan lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà GRA ní agogo mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú ìwé àti kálámù, kí ó máa ka àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ wọlé.