Aláìsàn Tí Ó Di Igbákejì Dókítà

Àwọn àìsàn kan wà tí í wá tí í sì í lọ. Ibà lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ó ti ń jẹ iyán. Àwọn mìíràn wà tí kì í lọ mọ́ bí wọ́n bá ti dé; wọ́n ń bá ènìyàn sùn, wọ́n sì ń bá a jí. Ọ̀kan nínú wọn ni àtọ̀gbẹ. Ọ̀rọ̀ wa yìí dá lórí bí ìwádìí tí a fi owó ìlú ṣe ti fi hàn pé, nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtọ́jú wà.

Orúkọ àìsàn yìí ní èdè wa ti sọ ìwà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní in á máa tọ̀ lemọ́lemọ́, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ á sì máa joro. Bí ó bá tọ̀ sílẹ̀, èèrà lè bo ibẹ̀, nítorí ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà. Oúnjẹ tí a ń jẹ ni ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ara tó lè fi ṣúgà yìí ṣe agbára, ó nílò ohun kan tí à ń pè ní ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ ń pèsè. Bí ẹ̀yà ara yìí kò bá pèsè rẹ̀ mọ́, tàbí bí ara kò bá jẹ́ ìpè rẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀.

Kí ó tó di ọdún 1922, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ kú. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Frederick Banting àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best, rí ínsúlínì yọ láti inú ara ajá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922 ni a gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa. Nígbà tí James Collip tún oògùn náà sẹ́ tí ó mọ́, tí a sì tún gún ọmọ náà, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó lo ọdún 13 sí i láyé.

Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n ínsúlínì kò lé àtọ̀gbẹ lọ. Ikú ni ó dá dúró. Lẹ́yìn ọdún 10 tàbí 20, ojú ọ̀pọ̀ aláìsàn ń fọ́, kíndìnrín wọn ń bàjẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn dókítà. Elliott Joslin, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ba ojú àti kíndìnrín jẹ́, nítorí náà kí aláìsàn máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Láti ọdún 1918 ni ó ti tẹ ìwé kan jáde fún dókítà àti aláìsàn papọ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Wọ́n ní bí àìsàn náà ti rí nìyẹn, ìṣọ́ra kò lè dá a dúró. Wọ́n ní kí ni a ó máa yọ aláìsàn lẹ́nu sí? Ó lé ní 60 ọdún tí wọ́n fi ń ṣe àríyànjiyàn yìí, ẹnikẹ́ni kò sì rí ẹ̀rí tí ó lè pa á.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á ni pé aláìsàn kò ní ohun tí yóò fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé. Ìtọ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ omi oògùn aláwọ̀ búlúù. Bí ṣúgà bá pọ̀ níbẹ̀, yóò pọ́n bí bíríkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti kọjá ni ìtọ̀ ń sọ, kì í sọ ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Richard Bernstein, tí àtọ̀gbẹ ti mú láti ọmọ ọdún 12, gbọ́ nípa ẹ̀rọ kan tí ó lè fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo wọn ṣúgà. Dókítà nìkan ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà fún. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ dókítà. Orúkọ rẹ̀ ni ó fi rà á. Ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, ó sì mọ oúnjẹ tí ń gbé ṣúgà ga àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tí ń mú un wálẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn oníṣègùn kò gba ohun tí ó kọ. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 45, ó kúkú wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1978, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Nottingham náà kéde pé aláìsàn lè wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nílé.

Irinṣẹ́ ti wà wàyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀: ǹjẹ́ gbogbo wàhálà yìí ń gba ojú là? Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo kò ní aláìsàn tí ó tó láti dáhùn rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Owó ìlú ni ó gbé e. Ní ọdún 1983, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibùdó 29 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ènìyàn 1,441, láti ẹni ọdún 13 sí 39, ni ó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ṣẹ́ gègé pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà yan ibi tí ó wù ú. Apá kan ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bí ìṣe ìgbà náà. Apá kejì ń gbà á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbà á. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì ń fúnra wọn ṣírò ìwọ̀n oògùn bí oúnjẹ àti iṣẹ́ wọn bá ti rí. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń pè wọ́n lórí tẹlifóònù.

Ní ọdún 1993, èsì náà hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò rẹ̀. Láàárín àwọn tí ń ṣọ́ ara wọn gidigidi, àrùn ojú dín ní ìdá 76 nínú 100, àrùn kíndìnrín dín ní ìdá 50, àrùn iṣan dín ní ìdá 60. Àríyànjiyàn ọjọ́ pípẹ́ parí. Ṣùgbọ́n kò sí oyin tí kò ní oró: ìgbà tí ṣúgà wọn lọ sílẹ̀ jù, débi pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn, fi ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Bóyá ẹnì kan yóò ní, "Ti àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn, àtọ̀gbẹ àwọn àgbàlagbà ńkọ́, èyí tí ó pọ̀ jù lọ láàárín wa?" Ìdáhùn èyí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Robert Turner ti Oxford ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ọdún 1977. Owó ìjọba wà lára owó tí wọ́n ná. Wọ́n tọpa ènìyàn 5,102, èsì sì jáde ní 1998. Ìṣọ́ra lórí ṣúgà dín ìbàjẹ́ ojú àti kíndìnrín kù ní ìdá 25 nínú 100. Láàárín àwọn tí ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n sì ṣọ́ ọ dáadáa, àrùn rọpárọsẹ̀ dín ní ìdá 44.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Wákàtí 8,760 ni ó wà nínú ọdún. Bí aláìsàn bá lo wákàtí kan lọ́dọ̀ dókítà lóṣooṣù, wákàtí 12 péré ni. Ta ni ń tọ́jú rẹ̀ ní 8,748 tí ó kù? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Àwọn 1,441 yẹn kò dá wà. A kọ́ wọn, a fún wọn ní irinṣẹ́, wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n lè pè nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Bí a bá sọ fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò rí owó oògùn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, pé kí ó máa tọ́jú ara rẹ̀, a kàn ti di ẹrù rẹ̀ lé e lórí ni. Iṣẹ́ aláìsàn ń bẹ, iṣẹ́ ìlú náà sì ń bẹ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ le lónìí. Kí ó bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè títí yóò fi yé e. Ẹni tí ó bá sì wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, kí ó ràn án lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.