Ọmọ Tógò kan láàárín Àwọn Apẹja Ilẹ̀ Yìnyín

Àwa tí a ń gbé ní Igbódìgò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí àwọn apẹja. Àwọn ará Ìlàjẹ, aládùúgbò wa níhà òkun, ti sọ omi di oko wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a sì ń jẹ ẹja wọn. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja kan wà ní ìpẹ̀kun ayé níhà àríwá, níbi tí òkun tìkára rẹ̀ ti ń dì gbagidi tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Inuit ni wọ́n ń pe ara wọn, èyí tí í ṣe "àwọn ènìyàn" ní èdè wọn. Erékùṣù Gíríǹlándì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ilẹ̀ wọn. Òyìnbó ni ó sábà máa ń lọ wo irú àwọn bẹ́ẹ̀ kí ó sì kọ ìwé nípa wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún wa. Ọmọ Áfíríkà ni àwa fẹ́ tẹ̀lé dé ibẹ̀ lónìí.

Tété-Michel Kpomassie ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Tógò ni a sì ti bí i ní ọdún 1941. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó gun igi àgbọn, ó pàdé ejò lókè, ó sì já bọ́. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sínú igbó sí ọ̀dọ̀ ìyá abọrẹ̀ tí ń sin òjòlá. Nígbà tí ara ọmọ náà yá, bàbá ṣèlérí pé yóò padà wá di ọmọ awo níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ bàbá jẹ́ láàárín wa, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ilé ìtàwé ìjọ Ajíhìnrere ní ìlú Lomé ni ọ̀nà ti là fún un. Ó rí ìwé kan níbẹ̀ nípa àwọn Inuit, tí oníṣègùn ará Faransé kan, Robert Gessain, kọ. Ó rà á, ó sì kà á tán. Ilẹ̀ tí kò ní ejò! Ilẹ̀ tí kò ní igbó tí ejò lè sá pamọ́ sí! Kò pẹ́ tí ó fi sá kúrò nílé, kò sì tí ì pé ọmọ ogún ọdún. Àwa kò dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi, ẹni tí ó fẹ́ san gbèsè ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè bá ọmọ náà wí.

Ọdún 8 ni ó fi rìn. Ó ṣiṣẹ́ ní Gánà, ní Ivory Coast àti ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ó gba ilẹ̀ Faransé àti Jámánì kọjá dé Dẹ́nmáàkì, nítorí abẹ́ ìjọba Dẹ́nmáàkì ni Gíríǹlándì wà. Ní ọdún 1965 ọkọ̀ ojú omi gbé e gúnlẹ̀ sí Julianehåb, tí a ń pè ní Qaqortoq nísinsìnyí. Gbogbo ènìyàn etí omi dákẹ́ lójú kan náà. Àwọn ọmọdé bú sẹ́kún, nítorí wọn kò rí adúláwọ̀ rí, àwọn mìíràn sì rò pé ẹ̀mí orí òkè ni. (Àwọn bàbá wa kò ha sá bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí òyìnbó?) Síbẹ̀ wọ́n gbà á sílé, wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí kò bá ti inú ìwé mu. Ní gúúsù náà kọfí àti ọtí bíà pọ̀, ilé onípákó wà, àgùntàn ń jẹko, kò sì sí ajá tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín. Ìjọba Dẹ́nmáàkì ti ń kó àwọn ará abúlé kéékèèké jọ sí ìlú ńlá, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹja. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ òkun wá di alágbàṣe tí ń dúró de owó ọ̀sẹ̀. Èyí dun Kpomassie, ó sì pinnu láti máa lọ sí àríwá.

Kí ònkàwé má ṣe rò pé òpè ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àlùfáà Hans Egede ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1721, ó lé ní 100 ọdún kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Badagry ní 1842. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1861, ọdún 2 péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ní èdè tiwọn, Atuagagdliutit ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni tiwa àti tiwọn.

Ní Jakobshavn, èyí tí í ṣe Ilulissat, òkè yìnyín ń léfòó lójú omi bí ilé alájà púpọ̀. Oòrùn kì í yọ rárá níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ nígbà òtútù. Ibẹ̀ ni àlejò wa ti kọ́ bí a ti ń da ajá, bí a ti ń lu yìnyín ní ihò láti sọ okùn ìwọ̀ sísàlẹ̀ fún ẹja, àti bí a ti ń jẹ ọ̀rá síìlì ní tútù. (Síìlì ni ẹran inú omi tí ń fi ẹran rẹ̀ bọ́ wọn, tí ń fi awọ rẹ̀ wọ̀ wọ́n, tí ọ̀rá rẹ̀ sì ń tan fìtílà wọn.) Lójú tiwa, ọ̀rá yìí ni ó sọ ọ́ di ará ilé: kò yọ ṣùtì sí àwo tí a gbé síwájú rẹ̀.

Ní Upernavik, ní àríwá síi, ó dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Robert Mattaaq, ó sì bá a gbé nínú ilé tí a fi ebè koríko mọ. Bàbá yìí ti lẹ ewé ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo ògiri inú ilé náà, ó sì ń kà wọ́n. Àwọn ni ilé ìkàwé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kpomassie ti rí irú ìgbé ayé tí ó ti ń wá láti Lomé. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1966. Ìwé tí ó kọ jáde ní èdè Faransé ní 1981, ó sì gba ẹ̀bùn ní ọdún náà. Nínú rẹ̀ ni bàbá àgbà Mattaaq àti ògiri rẹ̀ wà títí di òní.