Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ Tó Wà ní London: Ta Ló Gbẹ́ Ẹ?

Bí èèyàn bá wọ British Museum ní London, inú ilé kan ṣoṣo ni yóò ti bá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé pàdé. Òkúta Rosetta láti Íjíbítì wà níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé tí wọ́n ṣẹ́gun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, ó sì dé London ní 1802. Hoa Hakananai'a, ère òkúta ńlá láti erékùṣù Rapa Nui, wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ní 1868. Iṣẹ́ idẹ Bìní wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn sójà ló kó o nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ìlú náà ní 1897.

Ohun kan wà nínú àkójọ yẹn tó jẹ́ tiwa, tí bó ṣe débẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni. Ìtàn rẹ̀ kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá gan-an.

Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1875, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé, ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, ọba ìlú náà. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba mìíràn náà ránṣẹ́ pè é. Láàárín 1910 sí 1914, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ààfin Ìkẹ́rẹ́, níbi tó ti gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn.

Ìtàn ìgbà ayé rẹ̀ ló fín sára ilẹ̀kùn yìí. Ní apá kan, Ògògà jókòó, ó dé adé, ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ lórí àga tí wọ́n fi ń gbé èèyàn. Àwọn ère náà yọ síta lára igi débi pé àwọn mìíràn yíjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Lójú tiwa, Ọlọ́wẹ̀ jẹ́ kó hàn gbangba ẹni tó ni ilé àti ẹni tó jẹ́ àlejò.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ British Museum wọ̀ ọ́, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin.

Ṣé pàṣípààrọ̀ náà tọ́? Kò sẹ́ni tó yìnbọn bíi ti Bìní. Ọba mọ ohun tó ń ṣe: kò tà á, ó sì mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè. Àmọ́ abẹ́ ìjọba amúnisìn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, a kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọgbọọgba ni. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwọn tó ń yin ilẹ̀kùn náà ní London kò mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ẹni náà wà ní Ìsẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà. Oríkì náà dárúkọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé, Ògbàgì àti ààfin Déjì Àkúrẹ́ wà lára wọn. Ó tiẹ̀ rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí London kò mọ Ọlọ́wẹ̀, ilé Ọlọ́wẹ̀ mọ̀ nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lónìí, òpó kan láti ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní Art Institute of Chicago. Àwo ọlọ́mọrí kan tó gbẹ́ wà ní Smithsonian ní Washington. Nísàlẹ̀ àwo náà, ó gbẹ́ orí kan sí àárín àwọn ère tó gbé e. Orí náà ń yí, kò sì ṣeé yọ, nítorí ara igi kan náà ló ti gbẹ́ gbogbo wọn. Ní 1998, Smithsonian ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára ohun tó ṣe.

Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Káàkiri ayé, ère àti ọpọ́n Ifá pọ̀ tí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn kò ju “Yorùbá” lọ, bí ẹni pé gbogbo ìlú ló pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ẹ. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ìgbà tí a bá kú là ń dère. Ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére ló kú tí ère wọn ṣẹ́ kù, tí orúkọ wọn sì wọmi.

A máa ń kẹ́kọ̀ọ́ oríkì gẹ́gẹ́ bí ewì, a máa ń ka àwítúnwí àti àfiwé inú rẹ̀. Ti Ọlọ́wẹ̀ fi hàn pé ìwé ẹ̀rí ni pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń lọ gba oríkì sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá, kó bèèrè ìbéèrè kan sí i lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà: ta ló gbẹ́ òpó ààfin ìlú yín, ọmọ ilé wo sì ni?