Bí Ọdún Igi Àwọn Júù Ṣe Di Ọdún Ọmọ Iléèwé

Nínú àwọn ọdún tí àwọn Júù ń bá ọmọ ṣe ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tu BiShvat ló wù mí jù. Ìwé òfin ló bí i, iléèwé ló tọ́ ọ dàgbà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣébátì nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Lẹ́tà ni Hébérù fi ń ka iye. Wọn kì í kọ mẹ́wàá pọ̀ mọ́ márùn-ún, kó má baà di orúkọ Ọlọ́run. Mẹ́sàn-án àti mẹ́fà ni wọ́n ń kọ. Lẹ́tà méjèèjì yẹn ló fún wa ní "Tu".

Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, sọ pé ọdún tuntun mẹ́rin ló wà, ọ̀kan jẹ́ ti igi. Ìdámẹ́wàá èso ló fa ọ̀rọ̀: èso tó bá ti ń so kí ọjọ́ náà tó pé, ti ọdún tó kọjá ni, èyí tó bá tẹ̀ lé e, ti ọdún tuntun ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Shammai, olùkọ́ òfin kan, fẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní Ṣébátì, ti Hillel, olùkọ́ òfin kejì, ní kó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tiwọn ló sì borí. Tó bá fi di ọjọ́ yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ọdún ti rọ̀ ní Ísírẹ́lì, igi álímọ́ńdì sì ti ń tanná. Kò sí àsè, kò sí orin. Ọjọ́ ìṣírò lásán ni.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì àwọn Júù ní ọdún 70, tí ọ̀pọ̀ Júù wá ń gbé lókèèrè, ọjọ́ náà kò parẹ́. Jíjẹ èso ilẹ̀ Ísírẹ́lì di àṣà. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní 1753 to ètò alẹ́ ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: ife wáìnì mẹ́rin, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí funfun tó parí sí pupa, pẹ̀lú oríṣiríṣi èso.

Olùkọ́ kan ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní Zikhron Ya'akov ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, abúlé àgbẹ̀ tí àwọn Júù tó wá láti Ròmáníà tẹ̀ dó ní 1882, Ze'ev Yavetz ni ọ̀gá iléèwé. Ní Tu BiShvat 1890, ó kó àwọn ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì, wọ́n lọ gbin igi. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ọjọ́ tí àgbà fi ń ka èso, ó sọ ọ́ di ọjọ́ tí ọmọdé ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Abúlé yìí kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Ní 1908 ẹgbẹ́ náà sọ gbígbin igi di àṣà ọjọ́ náà fún gbogbo iléèwé wọn.

Àjọ Jewish National Fund, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, gbé e dé òkèèrè. Kóló aláwọ̀ búlúù wọn wà ní kíláàsì káàkiri ayé, ọmọ ń fi kọ́bọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè bá a gbin igi. Òtítọ́ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: orí ahoro abúlé àwọn ará Palẹstínì ni díẹ̀ nínú igbó tí àjọ náà gbìn hù sí, ó sì yẹ kí ọmọ tó ti dàgbà tó kọ́ ìyẹn náà.

Ní London, òtútù ni Tu BiShvat máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé Júù. Dàbínù, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ àti álímọ́ńdì ni àwọn ọmọ ń jẹ ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a ní kí wọ́n gbin irúgbìn páásílì sínú ife, kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Lẹ́yìn oṣù méjì, tàbí mẹ́ta bí ọdún bá ní oṣù àfikún, Ìrékọjá á dé. Ọmọ á ja ewé tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, á gbé e sórí tábìlì àwọn òbí rẹ̀, wọ́n á sì jọ tì í bọ omi iyọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Ìrékọjá.