Ogun orí tábìlì: Kí ni àṣàyàn ọmọ ogun díẹ̀ lè ṣe, kí sì ni apá wọn kò lè ká?

Ní àríwá ìlà-oòrùn ìlú Bouaké, ní ẹkùn Vallée du Bandama ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ni ìlú kan wà tó ń jẹ́ Dabakala. Ibẹ̀ ni Samori Touré tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1893, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé ti lé e kúrò ní ilẹ̀ tó ti kọ́kọ́ jọba ní apá ìwọ̀-oòrùn.

Ìṣòro kan tó bá a dé Dabakala kò ṣàjèjì sí ọ̀gágun kankan: ìbọn ìgbàlódé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kárí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀. Ṣé kí ó kó àwọn ìbọn náà fún ìwọ̀nba àwọn tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa ni, àbí kí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èrò?

Irú ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń ṣe eré ogun orí tábìlì ń dáhùn lónìí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé, nígbà tí wọ́n bá jókòó láti kó ọmọ ogun wọn jọ. Àwọn kan a máa yan èrò púpọ̀. Àwọn mìíràn a máa yan ohun tí a lè pè ní àṣàyàn ọmọ ogun: ìwọ̀nba akọni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lójú ìjà. Bí irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ṣe ń jà, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣubú, ni àlàyé yìí dá lé.

Kí ni eré ogun orí tábìlì?

Ènìyàn méjì ló sábà máa ń ṣe é. Wọ́n á to ère kéékèèké tí a fi ike tàbí irin ṣe sórí tábìlì kan tí wọ́n ti gbé òkè, igbó àti ilé kéékèèké sí. Ère ọmọ ogun kan sábà máa ń ga tó mílímítà 28 sí 32. Ẹni tó ni ère náà ló máa ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sì fi ọ̀dà kùn ún. Wọ́n ń fi téèpù wọn ibi tí ọmọ ogun lè rìn dé, wọ́n sì ń fi dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, mọ̀ bóyá ìbọn ba ọ̀tá tàbí kò bà á.

Ilẹ̀ Prussia, tó di apá kan Jámánì nígbà tó yá, ni irú eré yìí ti wọ iṣẹ́ ológun. Georg Leopold von Reisswitz gbé tirẹ̀ síwájú ọba ní ọdún 1812. Ọmọ rẹ̀, Georg Heinrich, tún òfin eré náà ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1824, àwọn ọ̀gá ológun sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ ara wọn. Òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, H. G. Wells, ṣe tirẹ̀ fún ìgbádùn nínú ilé nínú ìwé Little Wars tó jáde ní ọdún 1913. Ilé-iṣẹ́ Games Workshop, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1975, gbé Warhammer jáde ní ọdún 1983, ó sì gbé Warhammer 40,000 jáde ní ọdún 1987. Èyí tó kẹ́yìn yìí wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù lọ lóde òní.

Ère kéékèèké kì í ṣe ohun tuntun ní àyíká Bouaké. Àwọn Baoulé tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Akan. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ idẹ wọn a máa fi ìda mọ àwòrán ènìyàn, ẹranko, idà àti ìbọn, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ́ ìda náà jáde, wọn a sì da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Kì í ṣe fún eré. Òṣùwọ̀n ni wọ́n, tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn wúrà lẹ́búlẹ́bú. Òṣùwọ̀n náà sì ni ìpìlẹ̀ bí a ṣe ń kó ọmọ ogun orí tábìlì jọ.

Báwo ló ṣe yàtọ̀ sí ayò?

Ẹni tó bá mọ ayò, tí wọ́n ń pè ní awalé ní Côte d'Ivoire, mọ̀ pé ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò 12. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 24, kò sì sí ọmọ ayò kan tó lágbára ju èkejì rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ló ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára òpè. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ń gbé Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, kò nílò ògbufọ̀ kí wọ́n tó jókòó ti irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀.

Ti ogun orí tábìlì yàtọ̀. Kì í ṣe iye ère ni wọ́n fi ń mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, bí kò ṣe iye máàkì. Òfin eré ti dá iye lé orí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ fẹnu kò sí iye kan, olúkúlùkù á sì ná tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Nínú Warhammer 40,000, máàkì 2,000 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe eré ńlá. Adeptus Custodes wà lára ẹgbẹ́ tí akọni wọn wọ́n jù: ère bí ogún àti díẹ̀ lè gba gbogbo máàkì náà tán. Ẹni tó bá yan Orks tàbí Tyranids lè to ère tó ju ọgọ́rùn-ún lọ pẹ̀lú máàkì kan náà.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kó yéni. Ká ní ẹnì kan yan akọni 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 20, tí ẹnì kejì sì yan ọmọ ogun lásán 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 10. Máàkì 200 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ná.

Ìbọn akọni ń ba ọ̀tá bí dáìsì bá mú 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú mẹ́fà. Ọmọ ogun lásán nílò 5 tàbí 6, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́fà. Bí akọni 10 bá yìnbọn, nǹkan bí 7 ni yóò bà. Bí ọmọ ogun lásán 20 bá yìnbọn, nǹkan bí 7 náà ni yóò bà.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ẹ̀wù irin. Bí ẹ̀wù akọni bá ń dá ìbọn mẹ́rin nínú mẹ́fà padà, 2 péré nínú 10 ni yóò ṣubú. Bí àwọn tòdìkejì kò bá ní ẹ̀wù rárá, 7 nínú 20 ni yóò ṣubú. Akọni ló jàre nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá gbé ìbọn tó ń gún ẹ̀wù irin wá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìbọn 7 tó bà yóò pa akọni 7 nínú 10, ó sì ku 3 péré láti dá gbogbo ìjà jà. Ohun kan náà tó sọ akọni di ọ̀wọ́n ni kì í jẹ́ kí a rí arọ́pò rẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Lanchester, gbé ìṣirò kan jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1916 tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ó ní níbi gbalasa tí gbogbo ènìyàn ti lè yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀tá bá fi ìlọ́po méjì pọ̀ juni lọ, agbára ọmọ ogun ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tiwọn kí ìjà tó dọ́gba. Bí wọ́n bá fi ìlọ́po mẹ́ta pọ̀, ó di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n níbi tóóró, níbi tí ọ̀tá kò ti lè wọlé ju ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, agbára ìlọ́po méjì ti tó láti kojú iye tó jẹ́ ìlọ́po méjì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò wọ́n?

Láti inú ìṣirò yìí ni àwọn ìlànà tí àgbà eré fi ń darí àṣàyàn ọmọ ogun ti wá.

Èkíní, wọn kì í tú wọn ká. Ẹgbẹ́ kékeré tó bá kó gbogbo agbára rẹ̀ sí apá kan tábìlì lè borí ìdajì ọ̀tá kí ìdajì kejì tó dé. Bí ó bá pín ara rẹ̀ kárí, ọ̀tá á pa á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, wọ́n ń wá ibi tóóró: àárín ilé méjì, ẹsẹ̀ òkè, etí igbó. Gbalasa ni ilé ọ̀pọ̀ èrò, ibi híhá ni ilé akọni.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń kọ́kọ́ wá ìbọn tó ń gún ẹ̀wù irin. Kò sí ohun mìíràn lórí tábìlì tó yẹ kí wọ́n pa ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, wọn kì í fi ẹ̀mí gba ẹ̀mí. Akọni kan fún ọmọ ogun lásán kan kì í ṣe pàṣípààrọ̀ rere, nítorí máàkì 20 ni wọ́n fi ra máàkì 10.

Ẹ̀karùn-ún ló le jù. Nínú ọ̀pọ̀ eré òde òní, kì í ṣe ẹni tó pa ọ̀tá jù ló ń borí, bí kò ṣe ẹni tó di àwọn ibi tí wọ́n fi àmì sí lórí tábìlì mú. Bí ibi márùn-ún bá wà, tí ẹgbẹ́ akọni mẹ́ta péré sì wà, ibi méjì ti ṣófo kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Akọni lè gba ibi gbogbo, ṣùgbọ́n kò lè dúró síbi gbogbo.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ràn irú ọmọ ogun yìí, torí ère tí yóò rà kéré, èyí tí yóò kùn ní ọ̀dà náà sì kéré. Síbẹ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo lè gba ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun lè ṣe àṣìṣe mẹ́ta kó ṣì máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ojú Samori rí

Kí Samori Touré tó dé Dabakala ló ti mọ ìtumọ̀ àwọn ìlànà wọ̀nyí. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sofa, kọ́ ìjà létòlétò. Ó ra ìbọn ìgbàlódé, lára rẹ̀ Gras àti Kropatschek, àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ irú rẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀gágun Faransé tó ń jẹ́ Monteil kó ogun wá bá a láti etíkun, ṣùgbọ́n kò rí i ṣẹ́gun, ìjọba rẹ̀ sì pè é padà ní ọdún 1895.

Ohun tí apá Samori kò ká ni ibi tí wọ́n fi àmì sí. Ilẹ̀ rẹ̀ tuntun fẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ. Nígbà tí kò dá ìlú Kong lójú mọ́, ó pa á run ní ọdún 1897, ìlú tó ti jẹ́ ojúkò òwò àti ẹ̀kọ́ Islam fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú tí a sun kò lè bọ́ ọmọ ogun.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1898, Sikasso bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Samori sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ. Ebi pa wọ́n ní ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1898 ni àwọn ọmọ ogun tí Henri Gouraud kó lẹ́yìn mú un ní Guélémou. Wọ́n gbé e lọ sí Gabon, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 1900. Kì í ṣe ogun ojúkojú ló fọ́ àwọn sofa. Ebi ni, àti àìsí arọ́pò fún àwọn tó lọ.

Ohun tí tábìlì kì í fi hàn

Lórí tábìlì, a ti san máàkì akọni tán kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Láyé, owó akọni kì í tán ní sísan. Bouaké mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn tó gbé ìbọn dìde sí ìjọba sọ ìlú náà di ibùdó wọn, orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì títí àdéhùn Ouagadougou fi wáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2007. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Bouaké kan náà ni àwọn sójà kan ti ń yìnbọn sókè nítorí owó tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ti jà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ológun ìjọba.

H. G. Wells fúnra rẹ̀ kò ṣe àṣìmọ̀ ìyàtọ̀ náà. Ní ìparí ìwé rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ti ṣe eré ogun kékeré yìí dáadáa yóò rí i pé ogun gidi kò bá ọgbọ́n mu rárá. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí eré bá parí, àwọn méjèèjì á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì kó ère tó kú àti èyí tó yè padà sínú àpótí kan náà. Ẹni tó pàdánù akọni rẹ̀ lónìí yóò tún rí wọn tò lọ́la. Samori kò rí ti ẹ̀ tò mọ́.