Bí Sójà Bá Kó Kúrò: Bárékè àti Ọrọ̀ Ajé Àdúgbò

Bárékè Odogbo ní Ọjọ́ọ̀, Ìbàdàn, ni olú-ilé Dífíṣọ̀n Kejì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà wà. Orúkọ Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa pẹ̀lú Ajagun-ńlá Ironsi, olórí ìjọba ológun, lóṣù Keje ọdún 1966, ni wọ́n fi sọ àgọ́ náà. Àwọn ológun ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń tajà fún wọn mọ ohun tójú àwọn ìlú mìíràn rí nígbà tí tiwọn lọ.

Owó oṣù sójà kì í ti àdúgbò wá. Ìjọba ló ń san án, àdúgbò ló ń jẹ ẹ́: olóúnjẹ, alágbàfọ̀, aránṣọ, ọlọ́kadà àti onílé. Inú òwò bẹ́ẹ̀ ni ọjà mámì, tó wà ní bárékè káàkiri Nàìjíríà, ti yọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù ni ti Maria Ochefu, ìyàwó sójà ní bárékè Abakpa, Enugu, tó ń ta kúnú fáwọn ọmọ ogun ní nǹkan bí ọdún 1959. Wọ́n kọ́kọ́ lé e nítorí eṣinṣin. Nígbà tó yá, wọ́n fún un láàyè tirẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn sì bá a níbẹ̀.

Nítorí náà, bí bárékè bá kógbá sílé, kì í ṣe sójà ló ń pàdánù. Ìjọba á gbé e lọ ibòmíràn, owó oṣù rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹni tó ta àwìn fún un ló kù sílẹ̀ pẹ̀lú gbèsè.

Bí àpẹẹrẹ, ní Dakar, Faransé dá àgọ́ ológun Geille padà fún Sẹ̀nẹ̀gàl ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 2025. Kó tó di ọjọ́ náà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl 162 tí àwọn ológun Faransé gbà. Ní Port-Bouët, lẹ́bàá Abidjan, Faransé fa àgọ́ tirẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun Côte d'Ivoire lọ́wọ́ lóṣù Kejì ọdún kan náà. Níbi tí sójà bá ti rọ́pò sójà, oníbàárà á ṣì máa wá.

Subic Bay ní Philippines, níbi tí ibùdó ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wà tẹ́lẹ̀, ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Lóṣù Kẹsàn-án 1991, ilé aṣòfin àgbà Philippines kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn tuntun lórí ibùdó náà pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kẹ́yìn tó lọ lóṣù Kọkànlá 1992, òfin ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta tó sọ ibùdó náà di agbègbè okòwò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Olongapo, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yọ̀ǹda ara wọn láti ṣọ́ ọ kí olè má baà kó o. FedEx, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù, dé ní 1995. Ní 2009, ó kó lọ sí Ṣáínà. Àdúgbò tó gbára lé oníbàárà kan ṣoṣo kò tíì bọ́ nínú ewu, ìbáà jẹ́ sójà, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́.

Ọjọ́ọ̀ ní ohun tó pọ̀ ju bárékè lọ. Oríta tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti pàdé ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Ìwó Róòdù ni. Yunifásítì Ìbàdàn àti IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kò jìnnà sí i. Kí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ wá oníbàárà sí gbogbo ìhà yìí nísinsìnyí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìlú tó ṣètò ṣáájú kí sójà tó lọ ló ń tètè gbérí.