Central Park Conservancy àti Ètò Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ fún Ọgbà Ìgbafẹ́

Central Park Conservancy ni àjọ aláìlérè tó ń tọ́jú Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ tó fẹ̀ tó éékà 843 ní Manhattan, nílùú New York. Ọdún 1980 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àjọ ṣe ń wéwèé iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Ní 1858 ni Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux ya àwòrán ọgbà náà. Nígbà tí gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ìlú New York dé ọrùn ní 1975, owó ọgbà wà lára ohun tí wọ́n gé. Koríko Sheep Meadow, pápá éékà 15, kú, ilẹ̀ ibẹ̀ di erùpẹ̀ lásán. Àwọn ilé àti afárá inú ọgbà sì ń bàjẹ́ lọ. Ní 1979, Gordon Davis, kọmíṣánnà tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìlú náà, fi Elizabeth Barlow Rogers ṣe alábòójútó Central Park, ipò tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Wọ́n gbin koríko tuntun sí Sheep Meadow ní 1980, kí ará ìlú lè fojú ara wọn rí i pé àtúnṣe ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn amòye yẹ ọgbà wò tinú-tòde: ilẹ̀, igi, ọ̀nà omi, afárá, àti bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ibẹ̀. Inú àyẹ̀wò yìí ni ètò àtúnṣe 1985 ti jáde.

Àmọ́ lójú tèmi, 1996 gan-an ni ètò náà di iṣẹ́ gidi. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kiri ọgbà: àwọn kan ń gé koríko, àwọn mìíràn ń kó ìdọ̀tí. Bí ibì kan bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí a lè mú so. Ni wọ́n bá pín ọgbà sí ẹkùn 49, wọ́n sì yan olùtọ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gé ẹ̀ka, tó ń ṣa bébà, tó ń darí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tó sì ń dá àlejò lóhùn. Ètò tí kò bá dárúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kò tíì tó ètò.

Ọ̀rọ̀ owó náà lọ́gbọ́n nínú. Ní 1993, olówó kan tó ń jẹ́ Richard Gilder ṣèlérí mílíọ̀nù 17 dọ́là, bí àjọ àti ìjọba ìlú yóò bá mú iye kan náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1998, àjọ àti ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: ìlú ló ṣì ni ọgbà, àjọ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí olówó mìíràn, John Paulson, fi mílíọ̀nù 100 dọ́là tọrẹ ní 2012, apá kan rẹ̀ wọnú owó ìpamọ́ tó ń mú èrè wá, nítorí àtúnṣe láìsí owó ìtọ́jú, ìnákúnàá ni.

Kì í ṣe gbogbo ọgbà ló ní olówó ládùúgbò, ìrẹ́jẹ ńlá sì lèyí jẹ́ fún àdúgbò tálákà. Central Park fúnra rẹ̀ ní gbèsè lọ́rùn: ní 1857, wọ́n lé àwọn ará Seneca Village, tí púpọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kúrò lórí ilẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ apá ọgbà tó kan Harlem, àdúgbò tí a mọ̀ mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fi ṣe pàtàkì. Ibẹ̀ ni Davis Center ti ṣílẹ̀kùn ní 2025, níbi tí ará àdúgbò ti lè lúwẹ̀ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì máa yọ̀ lórí yìnyín nígbà òtútù.